Mánéjà tuntun ní dúdú àti funfun nìkan, bàtà gogoro sì di dandan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Àdùnní_Aláràbarà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kúu bó ṣe ń lọ. Wọ́n gbé mánéjà tuntun wá sí ọ́fíìsì wa, ìjókòó ẹ̀ ò tíì gbóná tó fi tẹ ìmeèlì sí gbogbo wa pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, aṣọ dúdú àti funfun nìkan, obìnrin ò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò, bàtà obìnrin gbọ́dọ̀ ga nílẹ̀, kò sí yẹtí tó ju bíńtín lọ, kò sí ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀, ọkùnrin gbọ́dọ̀ de táì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó wá fi lé e pé kí èékánná jẹ́ àwọ̀ ara. Ẹ dákun, kí ló kan èékánná nínú ìṣirò owó? A kì í rí oníbàárà sójú o, ìdí kọ̀ǹpútà la wà, orí fóònù la ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi sì rèé, aṣọ aláràbarà layọ̀ mi, mo ní yẹtí tí wọ́n gbẹ́ bí odídẹrẹ́, mo ní síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya ológbò sí yíká. Mi ò fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ bá ọ̀gá fa wàhálà, àmọ́ mi ò lè máa múra bí ẹni ń lọ òkú lójoojúmọ́ ayé mi. Kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

Kúkúrú:
Èékánná àwọ̀ ara. Ara ta ni? Ẹ bá mi bi í.

Ìbọ̀sẹ̀_Pupa:
Kúkúrú, o ò ní pa mí o 😂

Àdùnní, fọkàn balẹ̀. Tẹ ìmeèlì yẹn sórí ìwé kí o kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí àwọn tó ń ṣe irú òfin yìí kì í rántí gbogbo nǹkan, èyí tí wọn ò bá sì ti kọ, tìẹ ni. Ó ní dúdú àti funfun, ṣé ó ní kó má ní àpẹẹrẹ lára ni? Ìlà ara abilà, dúdú àti funfun ni. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Aṣọ tí wọ́n tẹ ìwé ìròyìn sí lára láti òkè délẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan wà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì tó ní tóótòòtó màlúù, ọ̀gá wò ó títí, ó lanu, ó tún pa á dé, torí kò ríbi tó ti rúfin.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo àwọn nǹkan tí ìmeèlì ò dárúkọ rárá. Férémù jígí ojú. Okùn tẹ́ ẹ fi ń so káàdì ọ́fíìsì kọ́rùn. Okùn aago ọwọ́, okùn bàtà, bọ́tìnnì, báàgì, kéèsì fóònù, pẹ́nì. Jígí ojú yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sẹ́ni tó máa ní kí o bọ́ ohun tí o fi ń ríran, tèmi pupa yòò ni, àárín ojú mi ló wà, kò sì sí gbólóhùn kan nínú ìwé òfin wọn tó bá a wí. Àmọ́ o, má kó gbogbo ẹ̀ dé lọ́jọ́ kan náà. Mú ẹyọ kan wá, kójú wọn mọ́ ọn, kí o tó mú ìkejì. Tó o bá tò wọ́n sára pọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìmeèlì kejì máa gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ni.

Bọ̀dáTélọ̀:
Ẹ jẹ́ káwa oníṣẹ́ ọwọ́ náà sọ̀rọ̀. Inú aṣọ leré wà. Mo ti rán kóòtù dúdú fún lọ́yà kan tó le koko, tẹ́ ẹ bá rí i lókèèrè ẹ máa sá, àmọ́ aṣọ tí mo tẹ́ sínú ẹ̀, òdòdó pupa àti yẹ́lò ló kún un, tó bá na ọwọ́ mú fáìlì, á yọ fìrí, á tún wọlé padà. Ẹ lè ṣe é sábẹ́ kọ́là, ẹ lè ṣe é sínú ẹnu ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ lè ní kí télọ̀ fi òwú aláwọ̀ ewé gbá ihò bọ́tìnnì kan péré, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátá, ẹni tó bá sún mọ́ yín ló máa rí i. Dúdú lórí dúdú náà wà: fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, léèsì, aṣọ tí wọ́n hun àpẹẹrẹ mọ́ lára, gbogbo ẹ̀ dúdú ni, ìmọ́lẹ̀ kì í sì bà wọ́n bákan náà.

Àǹtí Àdùnní, síkẹ́ẹ̀tì ológbò yẹn, ẹ má jẹ́ kó máa gbé inú wọ́dúróòbù. Ẹ gbé e fún télọ̀ kó fi ṣe inú síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Ẹ kọ́kọ́ fọ àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan, torí kọ́tìnnì máa ń súnkì, aṣọ dúdú tuntun sì máa ń ṣí àwọ̀, àwọn ológbò yín á wá di eléèérí. Kí aṣọ inú fi bí sẹ̀ǹtímítà 2 kúrú ju ti òde lọ. Tó bá jẹ́ kọ́tìnnì ló wà nínú, ó máa lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ gígùn (táìtì) tẹ́ ẹ bá ń rìn, á máa fà gòkè, nítorí náà aṣọ tó ń yọ̀ ni kẹ́ ẹ lò látìbàdí wá, kẹ́ ẹ wá fi ológbò ṣe ìsàlẹ̀ nìkan, ó kéré tán bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá jókòó, tẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ léra, ológbò á yojú.

Àdùnní_Aláràbarà:
Ẹ ṣeun bọ̀dá mi! Ológbò á yojú 😂😂 mo ti ń wá télọ̀ báyìí.

Ògbójú_Òṣìṣẹ́:
Gbogbo eléyìí dùn o, mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Yẹtí àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ lè fìyẹn ṣeré. Bàtà gogoro kì í ṣe eré, ara èèyàn ni wọ́n ń fi ṣòfin. Téèyàn bá dúró sórí ẹ̀ látàárọ̀, gbogbo ìwúwo ara rọ́ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìyẹn, tó bá sì di ọdún pípẹ́, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á máa le, títí bàtà pẹlẹbẹ gan-an á fi máa dun èèyàn.

Ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe é sí. Ní December 2015, wọ́n dá obìnrin kan tó ń jẹ́ Nicola Thorp padà sílé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí láti máa gbàlejò, torí pé bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, wọn ò sì sanwó ọjọ́ yẹn fún un. Ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ jáde lọ́dún 2016, àwọn tó fọwọ́ sí i lé ní 150,000, ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní 2017. Ìjọba ò ṣòfin tuntun o, wọ́n ní òfin ìdọ́gba tọdún 2010 ti ká a mọ́. Lọ́dún 2017 yẹn náà, ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà fòfin dè é pé agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi bàtà gogoro ṣe dandan, orílẹ̀-èdè Philippines náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Jàpáànù, Yumi Ishikawa gbé irú ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá ìjọba ní 2019, mínísítà wọn ò kọ́kọ́ dá a lóhùn ire, àmọ́ nígbà tó fi máa di 2020, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Japan Airlines ti ní káwọn òṣìṣẹ́ wọn obìnrin lè wọ bàtà pẹlẹbẹ àti ṣòkòtò.

Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà wo ti ibi tó o wà, kí o sì wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ bóyá ọ̀rọ̀ aṣọ wà nínú ẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń ká wọn lọ́wọ́ kò ré yìí lọ: ṣé ìnira tẹ́ ẹ gbé lé obìnrin lórí yìí, irú ẹ̀ wà lórí ọkùnrin? Bi wọ́n lórí ìwé. Tí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn bá tiẹ̀ ń dùn ẹ́ díẹ̀, gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà kí o tó wọ bàtà yẹn fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Dúdú_Ni_Tèmi:
Ẹ má bínú o, èmi ò rí ohun tó burú nínú dúdú àti funfun. Mi ò kì í ronú láàárọ̀, mo kàn nawọ́ mú èyí tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo ti dé ibi iṣẹ́ nígbà táwọn kan ṣì ń wá bàtà tó bá báàgì mu. Ibi iṣẹ́ kì í ṣe òde àríyá. Ẹni tó ń sanwó láṣẹ láti sọ bó ṣe fẹ́ kí ilé òun rí.

Ìbọ̀sẹ̀_Pupa:
Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ wọ ológbò. Ẹ wọ dúdú yín, ẹ jẹ́ ká wọ tiwa.

Dúdú_Ni_Tèmi:
Ó dáa. Àmọ́ ti bàtà yẹn, mo gbà, ìyẹn ti pọ̀ jù.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí láti inú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òfin aṣọ tó gùn báyìí, ẹnì kan ló ṣe ohun kan. Ẹnì kan wọ síńgílẹ́ẹ̀tì wá, tàbí ọ̀gá àgbà yà wá lọ́jọ́ tí ẹnì kan wọ sílípáàsì, mánéjà ò wá ní ìgboyà láti pe onítọ̀hún sí kọ̀rọ̀, ó fi ìyà ẹyọ ẹnì kan jẹ gbogbo ilé. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi í ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ṣẹlẹ̀ tá a fi nílò òfin yìí?" Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tó bá ní ìdí, ẹ máa gbọ́. Tí kò bá ní, òun gan-an á gbọ́ ohùn ara ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé òfin aṣọ tó ní ìdí wà o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yí kò gbọdọ̀ so síkáàfù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ tàbí kó wọ òrùka, ẹ̀rọ kì í mọ èèyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bí 2007, wọ́n ní káwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń fọwọ́ kan aláìsàn má fi nǹkan bo apá wọn láti ìgúnpá wálẹ̀, kò sí apá ṣẹ́ẹ̀tì gígùn, kò sí aago, kí wọ́n lè fọwọ́ mọ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa bá irú òfin bẹ́ẹ̀ jà. Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ọ̀gá ti ń fi ohun tó wu ojú ẹ̀ ṣe òfin.

Ilé ìfowópamọ́ UBS ti Switzerland ṣe ìwé òfin aṣọ kan ní 2010, ó lé ní 40 ojú ìwé, wọ́n tiẹ̀ sọ àwọ̀ tí àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin gbọ́dọ̀ jẹ́, àwọ̀ ara náà ni. Gbogbo ayé fi wọ́n ṣẹlẹ́yà, wọ́n lọ tún un kọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá wo Mary Barra ní iléeṣẹ́ mọ́tò General Motors. Nígbà tó jẹ́ òun lọ̀gá HR wọn, kó tó di ọ̀gá pátápátá, ó bá ìwé òfin aṣọ olójú ìwé 10 níbẹ̀, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ méjì péré, pé kí wọ́n múra bó ṣe yẹ. Ọ̀gá kan nínú wọn fárígá, ó ní òun nílò àlàyé sí i, torí àwọn èèyàn ìjọba máa ń yà sọ́dọ̀ òun nígbà míì, àwọn ọmọ iṣẹ́ òun sì ń wọ jínsì. Mary ní kó lọ bá wọn jókòó. Nígbà tó padà wá, ó ní wọ́n ti yanjú ẹ̀: àwọn tí àlejò máa ń bá sọ̀rọ̀ á fi ṣòkòtò tó dáa kan kọ́ sí lọ́kà, tí wọ́n bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, wọ́n á pààrọ̀. Ẹ gbé irú ẹ̀ lọ bá mánéjà yín, ẹ ní ẹ máa fi kóòtù dúdú kan kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn nítorí àlejò. Mánéjà tí ẹ bá fún ní ọ̀nà tó lè gbà yí padà láìtẹ́, ó máa ń gbà á.

Aláwọ̀_Méje:
Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ràn kí èèyàn pa òfin mọ́ débi tí òfin á fi máa ti ẹni tó ṣe é lójú. Ní June 2017, ooru mú gan-an nílùú Nantes ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ní káwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọkùnrin má wọ ṣòkòtò kúkúrú, obìnrin sì lè wọ síkẹ́ẹ̀tì. Ni wọ́n bá wọ síkẹ́ẹ̀tì wá, wọ́n jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n ń gbé èrò. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ fi ní ó ti tó, ẹ wọ ṣòkòtò kúkúrú yín. Àwọn awakọ̀ réluwé kan ní Stockholm ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú, ní 2013. Ẹ̀yin ọkùnrin ọ́fíìsì Àdùnní, ṣé ẹ ò rí nǹkan ṣe sí bàtà gogoro yẹn? Ẹ bá mi wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ kan ṣá.

Ògbójú_Òṣìṣẹ́:
Ó dáa, àmọ́ ẹ rántí pé wọ́n pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá ṣe irú ẹ̀, lẹ́tà ìkìlọ̀ ló máa gbà. Tí kò bá sí bí èèyàn márùn-ún sí mẹ́wàá tó máa wọ̀ ọ́ pọ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní ìtàn.

Àdùnní_Aláràbarà:
Ẹ jọ̀ọ́ ohun kan ṣì wà tí mi ò kọ lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wa ń lo ìborí nítorí ẹ̀sìn, ẹlòmíì sì ta dàda. Ìmeèlì yẹn ní "orí ṣíṣí, irun tó mọ́ níwọ̀n". Ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì, wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń ráhùn lórí táì torí AC wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ògbójú_Òṣìṣẹ́:
Há, ìyẹn ló yẹ kó o kọ́kọ́ kọ! Èyí wúwo ju ti bàtà lọ pàápàá. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ẹjọ́ iléeṣẹ́ tó ń ta aṣọ, Abercrombie & Fitch ní 2015, àwọn adájọ́ 8 nínú 9 ló dá ọmọbìnrin tí wọn ò gbà síṣẹ́ nítorí ìborí láre, wọ́n ní kò dìgbà tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ẹ̀sìn ni kó tó di ẹ̀tọ́ ẹ̀, bí wọn ò bá ti fẹ́ gbà á torí kí wọ́n má bàa yọ̀ǹda ìborí fún un, wọ́n ti rúfin. Ní ti irun, California ṣe òfin kan ní 2019 tí wọ́n ń pè ní CROWN Act, tó dáàbò bo ẹni tó dirun tàbí tó ta dàda, àwọn ìpínlẹ̀ míì sì ti tẹ̀ lé wọn. Tó bá jẹ́ ibòmíì lo wà, òfin tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn àti ẹ̀yà ni kó o wò. Má dá orúkọ àwọn méjèèjì nínú lẹ́tà, kàn béèrè pé "báwo ni òfin yìí ṣe kan ẹni tó ń borí nítorí ẹ̀sìn?" HR tó bá gbọ́n á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Aláwọ̀_Méje:
Ti táì, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ owó. Láti 2005 ni ìjọba Jàpáànù ti ní káwọn èèyàn bọ́ táì àti kóòtù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n lè fi AC sí 28 dípò kó máa tutù nini, Cool Biz ni wọ́n ń pè é. Iná tí wọn ò sun, owó ilé iṣẹ́ ni.

Ẹ sì lè béèrè fún ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Fráídè tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fi ń sinmi kóòtù, ara ibi tó ti wá ni Hawaii. Àwọn tó ń rán aṣọ ló dá ọgbọ́n ẹ̀, wọ́n fún àwọn aṣòfin níbẹ̀ ní ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó ní 1962 kí wọ́n lè fọwọ́ sí i pé kí òṣìṣẹ́ máa wọ̀ ọ́ nígbà ooru, nígbà tó fi máa di 1966, ó ti di ti gbogbo ọjọ́ Fráídè. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ta ọjà wọn, ayé sì jèrè ẹ̀.

Kúkúrú:
Ta ló máa sanwó gbogbo aṣọ dúdú yìí? Ẹ fìyẹn náà sínú lẹ́tà.

Àdùnní_Aláràbarà:
Mo ti kọ nǹkan, ẹ bá mi wò ó:

"Sà, ẹ kú iṣẹ́. A ti ka ìmeèlì yín lórí aṣọ. A fẹ́ béèrè ìdí tí ẹ fi ṣe òfin yìí, torí a kì í rí oníbàárà lójúkojú. Ó dà bíi pé ẹ ò fẹ́ràn obìnrin. A bẹ̀ yín kí bàtà pẹlẹbẹ tó mọ́ wà lára ohun tí a lè wọ̀, kí òfin má dí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ máa dá sí owó aṣọ tuntun. A ṣe tán láti fi kóòtù dúdú kọ́ sí ọ́fíìsì nítorí àlejò, a sì ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ Fráídè fún wa láti wọ aṣọ tó wù wá."

Ìyá_Ìbejì:
Ó dára, ọmọ mi. Yọ gbólóhùn "ẹ ò fẹ́ràn obìnrin" yẹn kúrò, ìyẹn nìkan ló máa kà tó bá dé ibẹ̀, á sì gbàgbé ìyókù. Fi "ṣé irú ìnira yìí wà lórí ọkùnrin?" dípò ẹ̀, bí Ògbójú ṣe wí. Má bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan tó. Gbé ti ẹ̀sìn sókè ju ti bàtà lọ. Kọ déètì tẹ́ ẹ ti fẹ́ gbọ́ èsì, kó jẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí òfin máa bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo ẹni tó bá gbà fọwọ́ sí i, kí orúkọ wà ní ABD kó má bàa mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí HR.

Àdùnní_Aláràbarà:
Mo ti tún un ṣe, mà. Èèyàn mẹ́sàn-án ti ní àwọn máa fọwọ́ sí i, ọkùnrin mẹ́rin wà nínú wọn. Èmi ni ABD á gbé síwájú ṣá 😂

Kúkúrú:
Pe ara ẹ ní Zàdùnní.